Asọ̀rọ̀mágbèsì Ti Wọ Àpò Wa

Ṣé ẹ mọ orúkọ tí àwọn bàbá wa sọ rédíò nígbà tó kọ́kọ́ dé? Asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ fa wáyà rẹ̀ ní 1935, ó sì dé Ìbàdàn ní 1939. Àpótí kékeré kan ni, wọ́n á gbé e kọ́ ara ògiri pálọ̀, onílé á sì máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Kò sí pé èèyàn ń yí i kiri láti wá ilé iṣẹ́ mìíràn. Ohun tí òyìnbó bá fi ránṣẹ́ lójú wáyà ló máa sọ.

Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. 1939 ni Hitler dá ogun sílẹ̀ ní Yúróòpù. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń wá ọmọ ogun, wọ́n ń wá èkùrọ́ àti rọ́bà lọ́dọ̀ wa, wọ́n wá ń kìlọ̀ fáwọn èèyàn wa pé bí Hitler bá fi lè borí, ẹrú ló máa sọ gbogbo aláwọ̀ dúdú dà. Mi ò sọ pé irọ́ ni o. Hitler kò ka èèyàn dúdú sí èèyàn. Ṣùgbọ́n bí bàbá kan ní Ọjà'ba bá fẹ́ bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ òmìnira yìí, ìgbà wo lẹ máa fún wa ní tiwa?", ta ló máa bi? Àpótí?

Ohun tí mo fẹ́ kọ lé lórí nìyẹn: ogun tí wọ́n ń fẹnu jà, ìpolongo ẹ̀tàn àti ìdẹ́rùbani, nígbà ogun àti nígbà tí kò sógun. Àwọn kan ní kíláàsì wa ní irọ́ pípa lásán ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mi ò gbà. Òótọ́ máa ń wà nínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà míì òótọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun tí èmi fi ń dá a mọ̀ ni pé kì í fẹ́ kéèyàn fèsì. Ó fẹ́ kó o gbọ́, kó o bẹ̀rù tàbí kó o bínú, kó o sì dìde.

Kò tiẹ̀ dìgbà tí rédíò dé. Ogun tí Ìbàdàn bá Èkìtì Parapọ̀ jà láti 1877 títí di 1893, Kírìjì la mọ̀ ọ́n sí, ìró ìbọn ńlá tí wọ́n ń yìn níbẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìró tó ń já àyà ló kù sí etí àwọn tó là á já.

Ní Ìbàdàn kan náà, ẹnìkan gbìyànjú láti fún asọ̀rọ̀mágbèsì lésì. Oṣù Kẹwàá 1965 ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò Ìwọ̀-Oòrùn tán, ariwo gba ìlú pé wọ́n ti yí ìbò, Olóyè Akíntọ́lá tó jẹ́ Prẹ́míà sì fẹ́ bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí téèpù. Ọkùnrin kan wọlé tòun ti ìbọn, ó ní kí wọ́n yọ téèpù Prẹ́míà, kí wọ́n fi tòun sí i. Wọ́n mú Wọlé Ṣóyínká, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ni. Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń pàtẹ́wọ́ bí mo bá sọ ìtàn yìí. Èmi kì í pàtẹ́wọ́. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ó di kéèyàn gbé ìbọn kó tó lè fèsì, téèpù tirẹ̀ náà ò sì gba èsì. Ọdún yẹn ni Ìwọ̀-Oòrùn gbiná, ẹ ṣáà ti gbọ́ nípa Wẹ́tíẹ̀.

Ọdún méjì ò tíì pé sígbà náà tí ogun abẹ́lé fi bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ kẹfà oṣù Keje 1967. Ìjọba àpapọ̀ ò kọ́kọ́ pè é ní ogun. Wọ́n ní iṣẹ́ ọlọ́pàá ni, àwọn fẹ́ lọ fi ọwọ́ òfin mú ọlọ̀tẹ̀ ni. Iṣẹ́ ọlọ́pàá tó gba ọgbọ̀n oṣù! Wọ́n tún mú orúkọ Gowon, wọ́n fi lẹ́tà márààrún inú rẹ̀ ṣe gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan pé ká máa tẹ̀ síwájú pẹ̀lú Nàìjíríà kan ṣoṣo. Mo gbà pé ọgbọ́n ni. Ẹni tó bá ti lóun ò fẹ́ ogun, á wá dà bíi pé Nàìjíríà fúnra rẹ̀ lòun ò fẹ́.

Lọ́dọ̀ Biafra, Okokon Ndem ló wà lórí rédíò. Àwọn àgbà tó gbọ́ ọ ṣì ń sọ̀rọ̀ nípa ohùn rẹ̀. Lẹ́nu rẹ̀, Biafra kì í pàdánù. Enugu bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ní oṣù Kẹwàá 1967, Port Harcourt bọ́ ní oṣù Karùn-ún 1968, rédíò ṣì ń kéde ìṣẹ́gun. Biafra tún háyà ilé iṣẹ́ kan ní Geneva tó ń jẹ́ Markpress, kó máa bá wọn fi ìròyìn ránṣẹ́ sáwọn oníwèé ìròyìn òyìnbó. Ní 1968, àwòrán àwọn ọmọ tí ebi ti sọ di egungun, tí ikùn wọn wú, tàn káyé.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Ebi yẹn kì í ṣe irọ́. Wọ́n dínà oúnjẹ mọ́ wọn, ọmọdé sì kú lọ bẹẹrẹ. Àwọn Igbo tí wọ́n pa ní Òkè Ọya ní 1966, kì í ṣe irọ́. Nítorí náà, nígbà tí rédíò bá sọ fún ìyá kan lábúlé rẹ̀ pé bí sójà Nàìjíríà bá fi lè wọlé, wọn ò ní dá ẹnì kankan sí, kí ló máa fi jiyàn? Ìdajì ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ sí ẹbí rẹ̀. Ogun parí ní January 1970, ìpakúpa tí wọ́n ní ó máa tẹ̀ lé e ò wáyé. Àmọ́ àwọn tó ti sá wọgbó nítorí ìbẹ̀rù yẹn, tí ebi pa síbẹ̀, ta ló máa lọ sọ fún wọn?

Ogun yẹn dé itòsí tiwa náà. Oṣù Kẹjọ 1967 ni sójà Biafra gba Benin, wọ́n sì sún dé Ọ̀rẹ̀. Ibẹ̀ la ti rí "ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀" tá a fi ń júwe ìdánwò Máàtì.

Bàbá tó bí bàbá mi, agbègbè Àkànrán ni wọ́n dàgbà sí, ní Ọ̀nà-Àrà. Wọ́n ní rédíò kan ṣoṣo ló wà lábúlé wọn nígbà ogun, ti bàbá kan tó ń ra kòkó. Wọ́n á pé jọ sídìí rẹ̀ lálẹ́, rédíò á ní ogun ti fẹ́ parí, kí kálukú fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́, àwọn agbowó-orí á dé. Owó orí ń gòkè, owó tí wọ́n ń fi kòkó pa ò gòkè. Àwọn àgbẹ̀ ní òkè mẹ́fà làwọn máa san. (Òkè kan jẹ́ ṣílè márùn-ún, òkè mẹ́fà wá jẹ́ ọgbọ̀n ṣílè.) Wọ́n wí, wọ́n tún un wí. Ní oṣù Kọkànlá 1968 wọ́n wọ́ lọ sí Mápó láti lọ wí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ìbọn ló dá wọn lóhùn.

Bàbá ní jàǹdùkú ni wọ́n ń pè wọ́n lórí rédíò. Àwọn náà wá sọ ara wọn lórúkọ: Àgbẹ̀kọ̀yà. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn gan-an, torí èsì ni. Kò sí wáyà, kò sí àpótí, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn rìn láti Àkànrán dé Ẹ̀gbẹ́dá, ó rìn kọjá Ìbàdàn.

Àwọn náà ní ogun tí wọ́n ń fẹnu jà o, mi ò ní fi pamọ́. Òkìkí kàn pé ìbọn kì í ràn wọ́n, pé ayẹta wà lọ́rùn gbogbo wọn. Òkìkí yìí ṣiṣẹ́. Bàbá ní àwọn ọlọ́pàá míì á gbọ́ pé Táfà Adéoyè ń bọ̀, wọ́n á yí mọ́tò padà. Àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ kan nínú wọn gba òkìkí náà gbọ́ ju àwọn ọlọ́pàá lọ. Ohun tí wọ́n dá sílẹ̀ láti fi já ọ̀tá láyà ló wá ń ti àwọn fúnra wọn síwájú ìbọn. Mo bi Bàbá léèrè pé ṣé ìbọn ràn wọ́n àbí kò ràn wọ́n. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, àwọn tó ràn ò sí níbí mọ́ láti dá ọ lóhùn."

Ní September 1969 wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú àwọn èèyàn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá wọn ní Àkànrán, wọ́n jọ jókòó. Ẹnìkan sọ, ẹnìkan fèsì. Owó orí já wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ yẹn, kí ẹnìkan tó jókòó!

Kẹ́ ẹ má baà rò pé ìgbà ogun nìkan ni mò ń sọ, ẹ wọ mọ́tò láti Ìwó Road. Ẹni tó ń ta àgbo á kọ́kọ́ gbàdúrà fún gbogbo èrò ọkọ̀. Ta ló fẹ́ kọ àdúrà? Gbogbo èèyàn á ṣe àmín. Á wá yọ ìgò kan tó ń wo jẹ̀dí, ibà, ẹ̀yìn dídùn, ojú tó ń ṣú àti àìríbatise. Kó o tó gbẹ́nu sọ pé báwo ni ìgò kan ṣe mọ gbogbo iṣẹ́ yẹn, ó ti bọ́lẹ̀ ní bọ́ọ̀sì-stọ́ọ̀pù. Ìyẹn ṣì dùn-ún rẹ́rìn-ín. Ní oṣù Kẹjọ 2014, nígbà Ebola, ẹnìkan tá ò mọ̀ kọ ọ́ sórí fóònù pé kéèyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu ún, kí ilẹ̀ tó mọ́. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ lóòótọ́ tí ó ti kárí Nàìjíríà. Àwọn kan mu ún dé ilé ìwòsàn. Àwọn kan ò bọ̀.

Àwa ará Akínyẹlé, ẹ ò lè ti gbàgbé Ṣáṣá. February 2021, mo wà ní JSS1. Ìjà kékeré kan bẹ́ sílẹ̀ nínú ọjà, ẹnìkan kú, kò sì pẹ́ tó fi di Yorùbá àti Hausa. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n jó ilé, wọ́n jó ṣọ́ọ̀bù. Gómìnà ti ọjà náà pa, wọ́n ṣòfin kónílé-ó-gbélé. Kí oṣù yẹn tó parí, àwọn tó ń kó oúnjẹ wá láti Òkè Ọya dá ọkọ̀ wọn dúró, tòmátì àti àlùbọ́sà di wúrà. Ìyá mi ń ra tòmátì ní Ṣáṣá ni, nítorí náà mo mọ ohun tá a jẹ lóṣù yẹn.

Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni fóònù. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ohùn ọkùnrin kan wọlé pé àwọn Hausa ti kún inú tírélà, wọ́n ń bọ̀ wá jó gbogbo abúlé tó wà lọ́nà Mọ́níyà. A ò sùn. Kò sẹ́ni tó wá. Nígbà tí wọ́n ṣí ọjà padà, ìyá mi rí oníbàárà rẹ̀ kan tó jẹ́ Hausa, wọ́n jọ ń sọ ọ́. Obìnrin náà ní àwọn ò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, pé ohùn kan wọ fóònù àwọn pé Yorùbá ti kún inú tírélà, wọ́n ń bọ̀ láti Mọ́níyà. Màmá wa ní, "Tírélà kan náà!" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín lásán ni.

Èyí tó mú mi kọ̀wé wá kàn. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, voice note kan wọ gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp agbègbè wa. Ohùn obìnrin ni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní àwọn ajínigbé máa wọ ilé-ìwé ní Mọ́ńdè, pé àwọn Fúlàní inú gáà ló ń júwe ọ̀nà fún wọn. Kò dárúkọ ara rẹ̀. Kò sọ ilé-ìwé wo, kò sọ gáà wo, kò sọ Mọ́ńdè wo. Ó kàn ní ká tètè fi ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní òun ti gbọ́ ohùn yẹn lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan náà, Mọ́ńdè kan náà. Ọ̀rọ̀ tí kò ní orúkọ ìlú, gbogbo ìlú ló bá mu. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè náà, nínú àwa méjìlélógójì tá a wà ní kíláàsì wa, àwa mọ́kànlá la wá. Àwọn ọdẹ rin igbó yẹn já, wọn ò rí ẹnì kankan.

Ẹ má gbọ́ mi lódì. Ajínigbé wà. Ní January 2024 wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àtàwọn olùkọ́ wọn gbé nínú bọ́ọ̀sì ní Emùré-Èkìtì. Òbí tó bá fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ sílé lọ́jọ́ yẹn, mi ò bá a wí. Òótọ́ ni ẹsẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà fi dúró, bíi ti Biafra gẹ́lẹ́. Ibi tó nawọ́ sí ni kẹ́ ẹ wò.

Ó nawọ́ sí ọmọbìnrin kan ní SS2 tí gbogbo yín mọ̀, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Gáà tó wà lójú ọ̀nà wa ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá jù mí lọ, bó bá ń bú èèyàn, ẹ máa rò pé ọmọ Ọjà'ba ni. Òun ló gba ipò kìíní nínú Báyọ́lọ́jì ní táàmù tó kọjá. Ní Túsìdé, lẹ́yìn Mọ́ńdè yẹn, ó dé kíláàsì, ó bá "ọmọ ajínigbé" lórí tábìlì rẹ̀, ẹnìkan ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà. Ó fi ọwọ́ nù ún, ó jókòó, ó kọ nóòtì títí a fi lọ sílé. Kò wá mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ṣọ́ọ̀kì lásán ni, ẹ béèrè Rùwáńdà lọ́wọ́ tíṣà Hísírì. Ilé iṣẹ́ rédíò kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ RTLM. Orin tó dùn ni wọ́n ń gbé sí i, àwàdà ni wọ́n ń ṣe, àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Láàárín orin, wọ́n ń pe àwọn Tutsi ní aáyán. Ojoojúmọ́. Nígbà tí ìpakúpa bẹ̀rẹ̀ ní April 1994, rédíò kan náà ló ń ka orúkọ àti ibi tí àwọn èèyàn sá pamọ́ sí. Bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin èèyàn ni wọ́n pa láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Ọdún 2003 ni ilé ẹjọ́ tó jókòó ní Arusha tó dá àwọn tó wà nídìí rédíò náà lẹ́bi.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ òwe yẹn mọ́. Ogún ọdún ti pọ̀ jù. Irọ́ Rùwáńdà ò lò ju ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ tó fi parí iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Ti Mọ́ńdè wa, ọjọ́ kan ló lò.

Àpótí ara ògiri ayé àtijọ́ ò gba èsì nítorí bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Fóònù inú àpò wa ńkọ́? Ó gba èsì o. Ọmọ kíláàsì wa kan fèsì lórí ẹgbẹ́ wa lálẹ́ Sọ́ńdè pé, "Ta ló sọ ọ́? Ta ló mọ obìnrin yìí?" Èsì tó rí gbà ni ẹ̀rín mẹ́rìndínlógún, wọ́n sì sọ ọ́ ní lọ́yà Fúlàní. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Àwa fúnra wa la sọ ohun tó gba èsì di asọ̀rọ̀mágbèsì, kì í ṣe òyìnbó, kì í ṣe sójà.

Pátákó yìí náà ńkọ́? Gíláàsì ló bò ó, kọ́kọ́rọ́ wà lára rẹ̀. Ẹ ń kà á, ẹ ń lọ. Mo bá alága Ẹgbẹ́ Oníròyìn wa àti tíṣà tó ń bójú tó wa sọ ọ́, wọ́n sì gbà. Ẹ wo abẹ́ gíláàsì, ìwé òfìfo méjì la lẹ̀ síbẹ̀, bírò wà lára okùn. Ẹ kọ èsì yín. Ẹ bú mi bó bá wù yín. Kí kálukú ṣáà kọ orúkọ àti kíláàsì rẹ̀ sí i, èyí tí kò bá lórúkọ la máa yọ. Ẹni tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé sórí tábìlì náà lè wá kọ tirẹ̀, kó fọwọ́ sí i.

Àwa mẹ́ta lọ sí gáà náà ní Sátidé. Bàbá rẹ̀ fún wa ní wàrà, wọ́n ní àwọn ò bínú, ṣùgbọ́n àwọn ò lè jẹ́ kó máa dá rìn gba ojú ọ̀nà yẹn mọ́. Àwọn náà ń bẹ̀rù wa. Wọ́n ní bí ó bá rí ẹni bá rìn, ó máa wá. Nítorí náà, láti Mọ́ńdè tó ń bọ̀, àwa tá à ń gba ọ̀nà ilé gàrí á máa dúró dè é níwájú ilé gàrí láago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa rìn, kó tètè jí. Tó bá fi máa di méje ààbọ̀, a ti lọ.